Ẹ̀rọ ìkàwé aláwọ̀ àbí ti dúdú-àti-funfun: èwo ló yẹ yín?

Láti ìgbà tí ẹ̀rọ ìkàwé aláwọ̀, irú Kindle àti Kobo tí à ń fi ka ìwé, ti ń wọ ọwọ́ àwọn èèyàn ní Ifẹ̀ níbí, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí: "Ṣé kí n rà á, àbí kí n dúró sórí ti tẹ́lẹ̀?" Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ń bèèrè, olùkọ́ Yorùbá ń bèèrè, ìyá tó ń wá ohun tí ọmọ rẹ̀ yóò máa kà lásìkò ọlidé náà ń bèèrè. Ohun tí mò ń sọ fún wọn kì í jọra, ṣùgbọ́n ibì kan náà ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀. Lórí ojú ẹ̀rọ tí kì í tan iná fúnra rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ni owó tí wọ́n fi ń ra àwọ̀. Kí ẹ tó wo iye dọ́là tó wà lára páálí, ẹ kọ́kọ́ wo iye ìmọ́lẹ̀ tí ẹ lè fi sílẹ̀.

Ibi tí àwọ̀ ti ń wá

Iná wà nínú ojú fóònù àti ti táblẹ́ẹ̀tì, òun ló ń ta sí wa lójú. Ẹ̀rọ ìkàwé bíi Kindle àti Kobo kò rí bẹ́ẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó wà ní àyíká, ti oòrùn tàbí ti gílóòbù, ló ń bọ́ sórí rẹ̀ tó sì ń ta padà, bó ṣe ń ṣe lórí bébà. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó jókòó síwájú Oduduwa Hall ní aago méjì ọ̀sán fi lè máa kàwé lọ lórí rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, nígbà tí ẹni tó mú fóònù dání lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń wá òjìji igi kiri.

Iléeṣẹ́ E Ink ló ń ṣe ojú tó wà lára èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1997 láti inú iṣẹ́ ìwádìí kan ní MIT ní Amẹ́ríkà. Nígbà tó di 2004, Sony lo ojú yìí nínú Librie tí wọ́n tà ní Japan. Kindle àkọ́kọ́ tẹ̀lé e ní 2007. Àpò róbótó-róbótó tó kéré ju ohun tí ojú lásán lè rí lọ ló kún inú ojú ẹ̀rọ náà. Omi kan tó mọ́ gaara wà nínú àpò kọ̀ọ̀kan, hóró dúdú àti hóró funfun sì wà nínú omi yẹn. Iná mànàmáná tó wà lára dúdú lòdì sí ti funfun, nítorí náà, bí ẹ̀rọ bá fi iná díẹ̀ sí i, ọ̀kan á gòkè wá sójú, èkejì á sọ̀kalẹ̀ lọ sísàlẹ̀. Ibi tí wọ́n bá dúró sí ni wọn yóò wà, ì báà jẹ́ pé bátìrì kú pátápátá. Ṣíṣí ojú-ìwé ló ń jẹ iná. Ojú-ìwé tí ẹ tẹjú mọ́ fún ìdajì wákàtí kò jẹ nǹkan kan, bí ẹ kò bá ti tan iná tó wà lára ẹ̀rọ.

Títí dé ibí yìí, dúdú àti funfun nìkan ni, pẹ̀lú àwọ̀ eérú láàárín wọn. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà fi àwọ̀ kún un nínú àwọn ẹ̀rọ tó wà lọ́jà báyìí.

Ti àkọ́kọ́ ni Kaleido. Wọ́n á mú ojú dúdú-àti-funfun yẹn kan náà, wọ́n á tẹ asẹ́ àwọ̀ sórí rẹ̀: pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù, ní tínńtín-tínńtín. Bí hóró funfun bá gòkè lábẹ́ asẹ́ pupa, pupa ni ojú yóò rí. Ọgbọ́n ńlá ni, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó ń náni. Ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé, asẹ́ á mú tirẹ̀ nínú rẹ̀. Bó bá tún ń jáde padà, asẹ́ á tún mú tirẹ̀. Ó dà bí ilé tí wọ́n ta kọ́tínì sójú fèrèsé rẹ̀ tí wọn kò sì ká a sókè rí. Funfun kò lè funfun mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, eérú-eérú ló máa ń rí. E Ink ti ń bá ìṣòro yìí jà láti 2010, nígbà tí wọ́n gbé Triton, aṣáájú Kaleido, jáde. Kaleido dé ọwọ́ èèyàn ní 2020, Kaleido 3 sì tẹ̀lé e ní 2022. Wọ́n ti dín bí asẹ́ ṣe nípọn kù, wọ́n sì ti jẹ́ kí àwọ̀ hàn sí i. Kọ́tínì náà ṣì wà níbẹ̀.

Ohun kejì tí asẹ́ ń gbà ni bí nǹkan ṣe ń mú ṣáṣá. Kaleido 3 ní 300 píksẹ́lì, ìyẹn ẹyọ tótó-tótó tó ń para pọ̀ di àwòrán, nínú ínṣì kọ̀ọ̀kan bó bá jẹ́ lẹ́tà dúdú. Bó bá di àwọ̀, 150 péré ni, nítorí pé píksẹ́lì mélòó kan ní láti parapọ̀ kí wọ́n tó lè pe àwọ̀ kan jáde. Iye àwọ̀ tó lè gbé jáde jẹ́ 4,096. Ẹ lè ṣírò rẹ̀ fúnra yín: ìpele 16 ni ojú náà ní láti dúdú dé funfun, àwọ̀ asẹ́ sì jẹ́ mẹ́ta, 16 lọ́nà 16 lọ́nà 16. Fóònù tó wà nínú àpò yín ń gbé ju mílíọ̀nù 16 jáde.

Ọ̀nà kejì ni Gallery 3, òun náà jáde ní 2022. Kò sí asẹ́ rárá nínú tirẹ̀. Hóró mẹ́rin ló wà nínú omi yẹn: funfun, yẹ́lò, sáyánì àti màjẹ́ńtà. Àwọn mẹ́ta tó gbẹ̀yìn yìí kan náà ni yíǹkì tí àwọn oníṣọ́ọ̀bù títẹ̀wé ní Mayfair ń rọ sínú ẹ̀rọ wọn láti tẹ pósítà. Inú píksẹ́lì kan ṣoṣo ni wọ́n ti lè pò wọ́n pọ̀, nítorí náà àwọ̀ máa ń mú ṣáṣá bíi lẹ́tà, E Ink sì sọ pé ó lè gbé ju 50,000 àwọ̀ jáde. Ohun tí ẹ ń san níbí ni àkókò. Hóró mẹ́rin tí wọ́n wà nínú omi kan kò ṣeé pín sí ipò wọn lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀rọ ní láti ta iná sí wọn léraléra, ojú rẹ̀ á sì máa ṣẹ́jú wàìwàì kí àwòrán tó fìdí múlẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí E Ink ṣe kéde rẹ̀, dúdú-àti-funfun ń gba 0.35 ìṣẹ́jú-àáyá, àwọ̀ tí ẹ bá fẹ́ kó dára jù ń gba 1.5. Ẹni tó ń ṣí ojú-ìwé kan ní ìṣẹ́jú méjì-méjì kò ní bìkítà. Ẹni tó ń wá nǹkan láti ojú-ìwé kan sí òmíràn yóò fajú ro.

Àwọn kan máa ń sọ pé kí a dúró de èyí tó ń bọ̀. Èmi kì í gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀, nítorí mo mọ bí ti àwọn tó ti kọjá ṣe rí. Fujitsu ta FLEPia aláwọ̀ ní Japan ní 2009. Kò pẹ́ lọ́jà. Qualcomm ṣe Mirasol, tó ń dá àwọ̀ bí apá labalábá ṣe ń dá tirẹ̀, wọ́n fi sínú ẹ̀rọ ìkàwé kan ní South Korea ní 2011, ẹ̀rọ náà sì kúrò lọ́jà ní ọdún tó tẹ̀lé e. Liquavista, ojú aláwọ̀ mìíràn, bọ́ láti ọwọ́ Philips sí ti Samsung, ó bọ́ sí ọwọ́ Amazon, àwọn tó ń ṣe Kindle, ní 2013, wọ́n ti í pa ní 2018 láìsí ẹnì kan tó fi kàwé nílé rí. Kódà kọ̀ǹpútà kékeré XO tí wọ́n kó fún àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Abuja ní 2007 ní ojú tó ń lo ìmọ́lẹ̀ oòrùn. Bí ọmọ bá gbé e jáde síta, àwọ̀ á pòórá, dúdú àti funfun lá kù. Ohun tó wà lórí tábìlì ni kí a yàn nínú rẹ̀.

Wọn rèé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

Owó tí mo kọ síbí ni iye tí wọ́n pè é ní Amẹ́ríkà nígbà tó jáde. Iye náírà á yàtọ̀ láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, n kò ní fi tan yín jẹ.

| Ẹ̀rọ | Ojú rẹ̀ | Irú rẹ̀ | Àyè inú rẹ̀ | Owó àti ọdún |
|---|---|---|---|---|
| Kobo Clara BW | ínṣì 6 | dúdú-àti-funfun | 16GB | $129.99, 2024 |
| Kobo Clara Colour | ínṣì 6 | Kaleido 3 | 16GB | $149.99, 2024 |
| Kobo Libra Colour | ínṣì 7 | Kaleido 3 | 32GB | $219.99, 2024 |
| Kindle Paperwhite | ínṣì 7 | dúdú-àti-funfun | 16GB | $159.99, 2024 |
| Kindle Colorsoft Signature | ínṣì 7 | Kaleido 3 | 32GB | $279.99, 2024 |
| Boox Go Color 7 | ínṣì 7 | Kaleido 3 | 64GB | $249.99, 2024 |
| Boox Note Air3 C | ínṣì 10.3 | Kaleido 3 | 64GB | $499.99, 2023 |
| reMarkable Paper Pro | ínṣì 11.8 | Gallery 3 | 64GB | $579, 2024 |

Ẹ wo ìlà méjì àkọ́kọ́ yẹn dáadáa, nítorí òun ló ń kọ́ni jù. Clara BW àti Clara Colour bára dọ́gba ní ìwọ̀n ojú àti ní àyè inú. Iléeṣẹ́ kan náà ló ṣe wọ́n, ọdún kan náà ni wọ́n jáde. Ogún dọ́là ni ìyàtọ̀ owó wọn. Ẹni tó bá gbé méjèèjì sórí tábìlì nínú yàrá tí iná ibẹ̀ kò tàn púpọ̀, tó sì pa iná ara wọn, kò ní nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ọ̀rọ̀ asẹ́ fún un. Ti BW á dà bí ìwé ìròyìn, ti Colour á dúdú dé ìwọ̀n kan. Bó bá gbé wọn jáde sínú oòrùn, ìyàtọ̀ yẹn á fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́, àwọ̀ tó wà lára Colour á sì jí. Nínú oòrùn, ìmọ́lẹ̀ pọ̀ débi pé ẹ lè fi díẹ̀ sílẹ̀ fún asẹ́. Nínú yàrá, kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Colorsoft ni àwọ̀ rẹ̀ ń dùn mọ́ àwọn èèyàn jù nínú àwọn oníínṣì 7 wọ̀nyí, nítorí Amazon tún abẹ́ ojú náà àti iná ara rẹ̀ ṣe lọ́nà tiwọn. Òun náà ló wọ́n jù nínú wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n gbé èyí tó ní 16GB jáde ní 2025 ní $249.99. Boox jẹ́ irú mìíràn: Android ló wà nínú rẹ̀, ẹ lè fa áàpù sínú rẹ̀ láti Google Play bíi ti fóònù. Èyí dára fún ẹni tó ní ìwé káàkiri oríṣiríṣi áàpù. Ó tún túmọ̀ sí pé bátìrì rẹ̀ á máa tètè lọ, àti pé WhatsApp á máa pè yín láàárín orí ìwé.

Mo ní láti mẹ́nu ba nǹkan kan kí n tó kúrò níbí. Àwọn oníṣòwò kan máa ń to táblẹ́ẹ̀tì TCL tó ní NXTPAPER pọ̀ mọ́ àwọn wọ̀nyí, wọ́n á ní "ojú bébà" ni. Ojú rẹ̀ kì í dán, ó sì tura lóòótọ́, ṣùgbọ́n iná ẹ̀yìn ló ń lò bíi ti táblẹ́ẹ̀tì yòókù. Kì í ṣe ara ohun tí à ń sọ.

Ẹni tó ń ka ìtàn, àti ẹni tó ń ka Bíbélì

Ẹ má ra aláwọ̀. Ìwé ìtàn ò ní àwọ̀ ju ti èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ lọ, ẹ ó sì wo ìyẹn lẹ́ẹ̀kan péré. Ojú-ìwé ọ̀ọ́dúnrún tó tẹ̀lé e, lẹ́tà dúdú lórí funfun ni gbogbo rẹ̀, ìyẹn gan-an sì ni asẹ́ ń bà jẹ́. Àwọn màmá kan máa ń sọ fún mi pé àwọn fẹ́ rí ọ̀rọ̀ Jésù ní pupa nínú Bíbélì. Mo bọ̀wọ̀ fún ìyẹn, ṣùgbọ́n màmá kan náà ló ń sọ pé ojú òun kò ríran dáadáa mọ́ lálẹ́. Màmá, lẹ́tà tó dúdú kirikiri ló máa ràn yín lọ́wọ́. Pupa inú Kaleido lórí lẹ́tà tín-ín-rín kì í mú ṣáṣá, nítorí 150 yẹn ni.

Ti ọmọdé náà, mi ò ní fà á gùn. Ọmọ tó ti mọ àwọ̀ fóònù á wo ìwé àwòrán lórí Kaleido, á sì bi yín pé ṣé ó ti bàjẹ́ ni.

Àwọn tí àwọ̀ jẹ́ apá kan ẹ̀kọ́ wọn

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé mo lè fi ka Anatomy?" Akẹ́kọ̀ọ́ kan láti ẹ̀ka ìṣègùn ló bi mí bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìkàwé Hezekiah Oluwasanmi. Ìbéèrè tó dáa ni, nítorí nínú ìwé Anatomy, àwọ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Pupa ni wọ́n ń kun iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ kúrò nínú ọkàn, búlúù ni èyí tó ń gbé e padà, yẹ́lò ni nááfù. Bí ẹ bá sọ gbogbo rẹ̀ di eérú, ẹ ti sọ ẹ̀kọ́ náà nù.

Ìdáhùn mi pín sí méjì. Fún àwòrán ńlá tí pupa rẹ̀ jẹ́ pupa tí búlúù rẹ̀ sì jẹ́ búlúù, Kaleido 3 tó. Ẹ máa mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Ibi tí nááfù ti rí bí òwú, tó jẹ́ yẹ́lò lórí àwọ̀ ara, ibẹ̀ ni ojú á ti máa wá a. Fún Histology, ẹ̀kọ́ nípa ẹran ara bó ṣe rí lábẹ́ maikirosikóòpù, níbi tí pínńkì àti pọ́pù ti ń fara jọra, ẹ má dán an wò lórí Kaleido. Fóònù yín á sàn jù. Àwọ̀ 4,096 kò tó láti pín irú àwọn ìyàtọ̀ kéékèèké bẹ́ẹ̀.

Èyí tó tiẹ̀ ṣe pàtàkì ju àwọ̀ lọ fún akẹ́kọ̀ọ́ ni bí ojú ẹ̀rọ ṣe tóbi tó. PDF tí àwọn olùkọ́ ń pín, ìwọ̀n A4 ni wọ́n fi ṣe é. Bí ẹ bá há a sínú ínṣì 6, lẹ́tà á kéré bíi ti ìwé tó ń bá oògùn wá nínú páálí. Ẹ ó fẹ̀ ẹ́, ẹ ó máa fà á sọ́tùn-ún fà á sósì, gbogbo ìgbà tí ẹ bá sì fà á ni ojú ẹ̀rọ á tún ara rẹ̀ yà, díẹ̀díẹ̀. Mo ti rí àwọn tó ra oníínṣì 6 aláwọ̀ torí PDF, tí wọ́n padà sórí fóònù kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Bí PDF bá ni iṣẹ́ yín, ínṣì 10.3 ni ìbẹ̀rẹ̀, ì báà jẹ́ dúdú-àti-funfun. Akẹ́kọ̀ọ́ jíọ́lọ́jì tó ń ka máàpù àpáta, ojú ńlá àti àwọ̀ jọ wúlò fún un, Note Air3 C sì bá a mu bí owó bá wà. Àwọ̀ orí máàpù bẹ́ẹ̀ sábà máa ń fẹ̀, ó sì máa ń yàtọ̀ síra dáadáa. Irú àwòrán tí Kaleido mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn.

Àwọn tí mi ò rò pé àwọ̀ máa wúlò fún tẹ́lẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ òfin. Kò sí àwòrán nínú ìwé wọn, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ ṣáá. Bí ìpinnu ilé-ẹjọ́ bá wà lábẹ́ yẹ́lò, tí ìdí tí adájọ́ fi ṣe é wà lábẹ́ búlúù, tí èyí tí kò fara mọ́ ọn wà lábẹ́ pínńkì, ẹ lè padà sí i lálẹ́ tó ṣáájú ìdánwò kí ẹ rí ohun tí ẹ ń wá. Àwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́ lórí ibi gbọọrọ ni, kò béèrè kó mú ṣáṣá. Colorsoft ní mẹ́rin irú rẹ̀: yẹ́lò, ọ́ráǹjì, pínńkì àti búlúù.

Ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ ọnà tàbí ìtàn ọnà ni mo máa ń kì nílọ̀ jù. Ẹ gbé fọ́tò orí idẹ Ifẹ̀ kan sórí Kaleido, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n hú jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938. Ilà tó wà lójú wọn á hàn, nítorí òjìji ló ń gbé e jáde, dúdú àti funfun sì mọ òjìji. Dídán idẹ náà, àti pupa tó fara pamọ́ sínú rẹ̀, kò ní sí níbẹ̀. Bákan náà ni aṣọ òkè: ẹ̀tù á jọ dúdú, sányán á wọnú eérú ojú-ìwé lọ, àlàárì nìkan ni ẹ ó mọ̀, òun náà á sì dà bíi pé wọ́n ti fọ̀ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ rìn dé ilé ọnà ní Ẹnuwá kí ẹ wo ti ojúkojú. Bó bá jẹ́ dandan kí ó jẹ́ ẹ̀rọ, Gallery 3 inú Paper Pro ń ṣe é dáadáa jù, àmọ́ iṣẹ́ kíkọ nǹkan sílẹ̀ ni wọ́n ṣe ẹ̀rọ yẹn fún jù. Nínú ojú rẹ̀, 229 píksẹ́lì ló wà nínú ínṣì kan, lẹ́tà àti àwọ̀ bákan náà, kò sì sí ṣọ́ọ̀bù ìwé nínú rẹ̀. Ìwé tí ẹ bá ní fúnra yín, PDF tàbí EPUB, lẹ máa kó sínú rẹ̀.

Iná ọba àti bátìrì

Gbogbo àwọn tí mo tò sókè yìí ní iná kékeré tí wọ́n tò sí etí ojú wọn, tó ń tan sórí ojú-ìwé láti iwájú, kì í ṣe láti ẹ̀yìn. Lálẹ́ tí iná ọba bá lọ, òun lẹ ó fi kàwé. Ibí yìí ni asẹ́ tún ti ń gbowó: kí ojú aláwọ̀ tó lè mọ́ dé ibi tí ti dúdú-àti-funfun mọ́ dé, ẹ ní láti fi iná yẹn sókè sí i, bátìrì á sì mọ̀ ọ́n lára.

Amazon fúnra wọn sọ pé Paperwhite lè lo ọ̀sẹ̀ 12 kó tó gba iná, Colorsoft 8. Ẹ má tètè yọ̀. Ìdajì wákàtí lójúmọ́ ni wọ́n fi ṣírò rẹ̀, láìtan Wi-Fi. Bí ẹ bá yí i sí wákàtí, 42 ni ti ọ̀kan, 28 ni ti èkejì. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ka wákàtí márùn-ún lójúmọ́ lásìkò ìdánwò á lo Paperwhite bí ọjọ́ mẹ́jọ, á lo Colorsoft fún bí ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́fà. Méjèèjì ṣì ju fóònù lọ fíìfíì, powerbank kékeré ló sì máa tó wọn. Bí iná àdúgbò yín bá ń ṣe bó ṣe wù ú, ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ohun tí ẹ máa torí ẹ̀ sunkún. Boox tí Wi-Fi rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru ni kí ẹ ṣọ́.

Àmì orí àti àmì ìsàlẹ̀

Apá yìí ni mi ò rí kí àwọn tó ń ṣe àfiwé ní èdè mìíràn máa dé, bẹ́ẹ̀ àwa la ni ín. Yorùbá tí wọ́n kọ dáadáa kún fún nǹkan tín-ín-rín: ẹlẹ́sẹ̀ nísàlẹ̀, àmì ohùn lókè. Lẹ́tà bíi "ẹ́" àti "ọ́" kò ní nọ́ńbà tiwọn nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà. Ẹ̀rọ ní láti to lẹ́tà àti àmì pọ̀ fúnra rẹ̀. Fọ́ńtì tí kò mọ̀ ọ́n ṣe á gbé àmì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kó fi àpótí òfìfo dípò rẹ̀. Kò kan àwọ̀ tàbí àìláwọ̀, ó sì ní àtúnṣe: Kindle àti Kobo jẹ́ kí ẹ da fọ́ńtì tiyín sínú àpò fáìlì tó ń jẹ́ "fonts" láti orí kọ̀ǹpútà. Charis SIL, Gentium àti Noto Serif mọ Yorùbá dáadáa, ọ̀fẹ́ sì ni wọ́n.

Àwọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kàn án bí fọ́ńtì bá ti dára tán. Àmì ìsàlẹ̀ "ṣ" ní ìwọ̀n lẹ́tà kékeré, píksẹ́lì mélòó kan ló fi wà. Lórí Kaleido, asẹ́ wà lórí àwọn píksẹ́lì yẹn, eérú sì wà lẹ́yìn wọn dípò funfun. Ẹ ṣì lè kà á, ṣùgbọ́n ẹ ó fi lẹ́tà náà tóbi sí i ju bí ẹ ṣe máa ṣe lórí Clara BW tàbí Paperwhite. Olùkọ́ tó ń yẹ iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wò fún àmì ohùn, ti dúdú-àti-funfun ni mo fọwọ́ sí fún un láìro ó lẹ́ẹ̀mejì.

A ò gbọdọ̀ gbàgbé ọ̀rọ̀ fáìlì náà. Kobo ń ka EPUB, irú fáìlì tí wọ́n fi ń ṣe ìwé, tààrà. Kindle ń gba EPUB nípasẹ̀ Send to Kindle, ọ̀nà tí Amazon ń gbà fi fáìlì yín ránṣẹ́ sórí ẹ̀rọ, láti 2022, ó ń yí i padà fúnra rẹ̀, ìyẹn sì ń béèrè íntánẹ́ẹ̀tì. Láti ọjọ́ 26 Oṣù Kejì 2025, Amazon ti yọ ọ̀nà tí ẹ fi lè gba ìwé tí ẹ rà lọ́wọ́ wọn sórí kọ̀ǹpútà kí ẹ tó fi wáyà gbé e sí Kindle. Fáìlì tiyín ṣì lè gba orí wáyà kọjá. Fún ẹni tí dátà wọ́n fún, Kobo ló rọrùn láti bá gbé.

Bí ẹ bá fẹ́ rà á

Ojú àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí lẹ́lẹ́. Gíláàsì tín-ín-rín ló wà nísàlẹ̀ èyí tó pọ̀ nínú wọn. Ẹ jókòó lé e lẹ́ẹ̀kan nínú takisí Lágéré, ó tán nìyẹn. Ará Ifẹ̀ tó ń tún fóònù ṣe kì í ní ojú rẹ̀ nílẹ̀, ojú tuntun sì lè fẹ́rẹ̀ẹ́ gbowó tó ẹ̀rọ tuntun. Ẹ ka owó páálí ìbòjú mọ́ owó ẹ̀rọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Gbogbo Kobo àti Kindle tí mo tò sókè lè bọ́ sínú omi kí ó má bàjẹ́, Boox kò ní irú ààbò yẹn.

Bó bá jẹ́ tòkúnbọ̀, ẹ má rà á lórí fọ́tò. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á ṣí ojú-ìwé funfun gbalaja, kí ó tan iná ara rẹ̀ dé òkè, kí ẹ wá wo etí ìsàlẹ̀. Àwọn Colorsoft tó kọ́kọ́ jáde ní Oṣù Kẹwàá 2024 ní ìlà yẹ́lò níbẹ̀. Amazon dá ìfiránṣẹ́ dúró díẹ̀, wọ́n sì pààrọ̀ fún àwọn tó fi ẹjọ́ sùn. Àwọn kan nínú wọn lè wà lọ́jà títí di ìsinsìnyí. Ẹ ṣí ojú-ìwé bíi mẹ́wàá tẹ̀léra kí ẹ wò ó bóyá òjìji ti tẹ́lẹ̀ ń kù sílẹ̀. Ẹ bèèrè bóyá wọ́n ti yọ orúkọ ẹni àkọ́kọ́ kúrò lórí rẹ̀, kí ẹ rí i lójú yín pé ó gba orúkọ tiyín. Ẹ gbé e jáde sínú oòrùn, ẹ tún gbé e padà wọlé kí ẹ pa iná ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi wáyà da fáìlì Yorùbá kan tó ní àmì sínú rẹ̀, ẹ dín lẹ́tà rẹ̀ kù dé ìwọ̀n tí ẹ máa ń kà, kí ẹ sì wo àmì ìsàlẹ̀ "ṣ" àti ti "ọ́" kí ẹ tó kówó sílẹ̀.